A Gbọ́ Ọ Lẹ́ẹ̀kejì: I.K. Dáìró àti Ẹgbẹ́ Blue Spots

Àwọn ọmọ wa máa ń bi wá ní ìbéèrè kan, wọn a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní: “Bàbá, orin tí ẹ ní nínú àwo, tí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ló dé tí ẹ tún ń wọ agbádá jáde lóru láti lọ wo arúgbó tó kọ ọ́?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Owó ọkọ̀ ń bẹ ńbẹ̀, ewu ọ̀nà ń bẹ ńbẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò gba ijó mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ náà ń bẹ ńbẹ̀. Àwọn kan nínú àwa àgbà fúnra wa máa ń dáhùn pé ìgbà èwe wa la lọ ń wá. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn o. Ìgbà èwe kì í padà, ẹni tó bá sì ń wá a kiri lóru, òtútù ni yóò rí he. Ohun tí mo rò pé a lọ ń wá yàtọ̀ sí ìyẹn, mo sì fẹ́ fi ìtàn ọ̀gá olórin kan ṣàlàyé rẹ̀: Isaiah Kẹ́hìndé Dáìró, tí gbogbo wa mọ̀ sí I.K. Dáìró, àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Blue Spots. Mo gbọ́ wọn nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo tún gbọ́ wọn nígbà tí orí mi ti ń funfun.

Ọ̀fà ni wọ́n ti bí Dáìró ní nǹkan bí ọdún 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Iṣẹ́ káfíńtà ní rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ dé Ọ̀fà. Bàbá yìí kan náà ni ìtàn sọ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìlù kékeré kan fún ọmọ náà nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje-mẹ́jọ lọ. Káfíńtà ń gbẹ́ ohun ìṣeré fọ́mọ, kò mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń gbẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà lọ sí ilé ìwé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ìwé kà jìnnà. Nígbà tó dàgbà, ó kiri aṣọ tà, ó ṣe lébìrà. Ọ̀sán ló fi ń wá oúnjẹ, òru ló fi ń bá àwọn onílù ṣeré. Ní Ìbàdàn, ó wà lábẹ́ Daniel Ojoge, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin jùjú ìgbà náà. Ní 1957 ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n, Morning Star Orchestra sì ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n yí i padà sí Blue Spots.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí jùjú ṣe rí kí Dáìró tó bá a, nítorí ẹni tí kò mọ bí ilé ṣe rí tẹ́lẹ̀ kò lè mọyì ẹni tó tún un kọ́. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930 sí, Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ jùjú nínú pálọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Báńjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, àti ìlù pẹlẹbẹ tó ní ṣaworo lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tán. Orin ìjókòó ni, orin tí ènìyàn fi ń mu nǹkan tútù. Lẹ́yìn náà ni Àyìndé Bákàrè dé, tó kọrin sínú àwo ní 1937, tó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú jùjú lẹ́yìn ogun Hítílà. Ní nǹkan bí 1948 ni gángan wọlé. Àkànbí Wright ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ mú un wá. Ẹ fi ọkàn sí gángan yìí o, nítorí a ó tún padà bá a níwájú. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni. Ọjọ́ tó wọ inú jùjú ni jùjú di ohun tó lè pe ènìyàn lórúkọ láìlanu.

Dáìró kó gbogbo èyí jọ, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Ó gbé àkọ́díọ̀nù kọ́ àyà, dùùrù kékeré tí a ń fà tí a ń tì, ohùn rẹ̀ sì ń mú orin ìjọ Aládùúrà wá sọ́kàn ẹni. Ìlù ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà nínú orin rẹ̀, ijó àwọn ará Cuba tí à ń gbọ́ nínú àwo tó ń ti òkè òkun wá náà wà ńbẹ̀. Ó ń fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà kọrin, ó ń fi Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ kọ ọ́, ó sì ń ki èdè àwọn ẹ̀yà mìíràn bọ̀ ọ́, bí Urhobo, Ìṣẹ́kírì àti Haúsá. Kó tó dìgbà tirẹ̀, orin Èkó àti Ìbàdàn ni jùjú. Láàárín ọdún díẹ̀, ó sọ ọ́ di orin ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi jó.

Ní 1962, mo ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn. Ìlú tó ń gbóná ni Ìbàdàn ìgbà náà, ẹ jẹ́ n wí. Tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 1959. Lórí tẹlifíṣọ̀n ni Dáìró sì ti borí nínú ìdíje àwọn olórin jùjú, tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé ibi tí kò tíì dé rí. Àwa tí a kò lówó tẹlifíṣọ̀n ní asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, tó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá a lóhùn. Orin tó ń jẹ́ Salome wà lẹ́nu tẹrú-tọmọ nígbà náà. Àwọn ìyá aláṣọ ń kọ ọ́, àwọn awakọ̀ ń súfèé rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi ẹnu ṣe àkọ́díọ̀nù rẹ̀.

Káàdì ìnáwó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, ìsìnkú àgbà. Lẹ́tà òjé là ń tò nígbà náà, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti apá òdì. Oníbàárà á mú ìwé wá, á ní kí á fi lẹ́tà kékeré kọ orúkọ ìyá òun tó kú, kí á wá fi lẹ́tà gàdàgbà-gadagba kọ I.K. Dáìró sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá wa á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìyá ti lọ, Dáìró ló ń bọ̀.” Bí a bá tẹ káàdì tán, a ti mọ ọjọ́, a ti mọ àdúgbò. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ kò ní káàdì tiwa, ṣùgbọ́n ògiri ilé ẹni ẹlẹ́ni kò ní kí ènìyàn má fara ti òun. Ibẹ̀ la máa ń dúró sí títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ohun tí a rí lára ògiri yẹn kì í ṣe ohun tó wà nínú àwo. Àwo ìgbà náà kékeré ni. Ojú kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí ara rẹ tó gbóná, abẹ́rẹ́ ti dé àárín, ó ti ń ha. Ṣùgbọ́n lóde àríyá, ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ orin bó ṣe wà nínú àwo, bí wọ́n bá sì dé ibi tí àwo ti ń parí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan á ti yí àgbàlá ká, á ti béèrè orúkọ, á ti béèrè ìlú, á ti béèrè oríkì. Á sọ ọ́ sétí àwọn tó ń ṣeré. Orúkọ náà á wọ inú orin, elégbè á gbè é, gángan á tún un sọ, ẹni tí wọ́n pè á sì dìde. Bó bá ti dìde báyìí, onílù kò ní wo ibòmíràn mọ́. Ẹsẹ̀ ẹni náà ni yóò máa wò. Bí ẹsẹ̀ bá fà, ìlù á fà. Bí ẹsẹ̀ bá já, ìlù á já. Owó á wá jáde: ṣílè márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá, àwọn ọlọ́lá á sì lẹ odindi pọ́n-ùn mọ́ iwájú orí. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta á di ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á di ti wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwo dà bí káàdì tí à ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Káàdì sọ ọjọ́, ó sọ ibi, ó sọ ẹni tó ń bọ̀. Káàdì kọ́ ni ìnáwó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ayé rọrùn nígbà náà ló jẹ́ ká máa jó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìgbà pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin ti ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ ń jẹun di ọ̀tá nítorí òṣèlú, títí di 1965 tí ọ̀rọ̀ ìbò fi di iná tó ń jó ilé, tó ń jó ènìyàn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, orúkọ pípè lóde àríyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ta ni wọn yóò kọ́kọ́ pè? Ta ni yóò bínú bí wọn kò bá pe òun? Mo rí àwọn ọ̀gá méjì tí kò kí ara wọn nígbà tí wọ́n dé, tí gángan pè tẹ̀lé ara wọn nínú orin kan ṣoṣo, tí àwọn méjèèjì sì jó níwájú èrò kan náà. Mi ò sọ pé ìlù parí ìjà wọn. Ohun tí mo sọ ni pé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ní láti jó sí ìlù kan náà.

Ní 1963, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá Dáìró lọ́lá. Ní ọdún yẹn gan-an, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ni Nàìjíríà kúrò lábẹ́ adé Ọbabìnrin tó ni oyè náà, tí a sì fi ààrẹ rọ́pò rẹ̀. Oyè dé, ọba lọ. Àwa ọmọ ṣọ́ọ̀bù kò wo ìyẹn. Ohun tó kàn wá ni pé láti ìgbà náà, a ní láti máa to lẹ́tà mẹ́ta kún orúkọ rẹ̀ lára káàdì, àwọn oníbàárà kò sì ní gbà kí á gbàgbé.

Àmọ́ ayé kì í dúró lójú kan. Ní 1964, Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀. Ní 1967, Sunny Adé dá Green Spots sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ orúkọ yẹn mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, kò sì parí títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fun fèrè fún àwọn ẹgbẹ́ haílàìfù ní Èkó ti padà sí ilẹ̀ wọn ní ìlà-oòrùn. Àyè ṣí sílẹ̀ fún jùjú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló gba àyè náà. Lójú tèmi, nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò. Àwo ńlá dé, èyí tí ojú kan rẹ̀ lè gba tó ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí à ń gbọ́ lára ògiri lóru, Obey àti Sunny rí àyè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àwo: orin á wọ inú orin, wọ́n á ki olówó, wọ́n á jẹ́ kí gángan sọ̀rọ̀ tó bó ṣe fẹ́. Dáìró ti di ọba nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe odiwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ tí a bí ní 1965, tó bá gbọ́ àwo Dáìró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo Obey, á rò pé bàbá náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni. Kò wà lára ògiri.

Dáìró kò jókòó káwọ́ lẹ́rán o. Ní 1969, òun àti Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá àwọn alápàlà, dá ilé iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀, kí olórin lè ní ìpín gidi nínú òógùn ojú ara rẹ̀. Ìyẹn nìkan tó ohun tí a ó fi máa rántí rẹ̀. Ó tún ń ṣiṣẹ́ Olúwa nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970 sí títí wọ 1980 sí, orúkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára káàdì mọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti kó lọ sí Èkó, mo ti ní ẹ̀rọ tèmi ní Ṣómólú. Pọ́n-ùn ti lọ, náírà ti dé láti 1973. Owó epo rọ̀bì mú kí ìnáwó pọ̀ bí omi òjò, orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló sì ń jáde ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Àwo Dáìró wà nílé, abẹ́rẹ́ ti jẹ ẹ́ débi pé ohùn jáńjálá ni àkọ́díọ̀nù ń mú jáde.

Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ó parí ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní 1990, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Original Music kó àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ jọ, wọ́n pe àkójọ náà ní Juju Master. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá kan ń rà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 náà, Dáìró tún kó Blue Spots jọ, ó sì gbé àwo tuntun jáde, tó pè ní I Remember, ní 1991. Ẹ wo bí ayé ṣe rí nígbà náà. Shina Peters ti fi Ace, tó gbé jáde ní 1989, mú orí àwọn ọ̀dọ́ gbóná. Barrister àti Kollington ti gba òde fún fújì. Láti 1986 tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé ti dé, iye náírà ń jábọ́ lójoojúmọ́, ìnáwó ń dín kù, ti òru sì ń di ti ọ̀sán nítorí olè. Ta ni yóò tún pe Blue Spots?

Ní 1992, oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé ìnáwó ìrántí bàbá rẹ̀. Mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, mo sì bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé Dáìró fúnra rẹ̀ ni?” Ó ní, “Òun ni, Bàbá. Òun ni bàbá mi fẹ́ràn.” Mo sọ fún un pé n ò ní gba owó lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ káàdì kan tí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Mo jókòó sórí àga lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò fara ti ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ká apá mọ́ àyà nígbà tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ohùn tó jáde ti wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn kan nínú àwọn tó ń lùlù kò tíì dáyé nígbà tí orin tí wọ́n ń lù jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wà nínú àwo, gbogbo àwa àgbà sì ń mi orí, à ń rò pé a mọ ibi tí yóò parí sí. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò parí. Gángan bọ́ síwájú. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ fà wọlé, dìde fúnra rẹ̀. Onílù náà, ọmọdé tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀, tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ìyá. Ìyá sún ẹsẹ̀ díẹ̀, ìlù sún díẹ̀. Ìyá dúró, ìlù dúró. Ìyá fi èjìká dáhùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ká apá mọ́ àyà tú u sílẹ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń lẹ náírà mọ́ ìyá, àádọ́ta náírà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 1991. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé ohun tí àwọn ń rí yìí kò sí nínú àwo kankan.

Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. Ó ní, “Ẹ ṣe é, Bàbá. Kí ni oríkì yín? Ìlú wo ni?” Ẹ gbọ́ o: fún gbogbo ọdún tí mo fi dúró lára ògiri ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó béèrè oríkì mi. Ta ni yóò béèrè oríkì ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò ní tọ́rọ́ lápò? Mo sọ ọ́ fún un. Ó ti fẹ́ máa lọ, mo fà á láṣọ padà. Mo ní, “Kì í ṣe èmi nìkan. Àwa mẹ́ta ni.” Mo sọ oríkì àwọn méjì tí a jọ kọ́ṣẹ́ fún un. Ọ̀kan ti kú nígbà ogun, èkejì kú ní 1984. Ọmọ náà wo ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kan, kò sì béèrè. Kò pẹ́ tí gángan fi sọ ọ́: tèmi, ti ẹnì kejì, ti ẹnì kẹta. Mo dìde, mo jó fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi kò mọ orin tó lè ṣe ìyẹn fún mi nínú ẹ̀rọ. Àwo kò mọ̀ pé mo wà láyé. Àwo yóò kọ orúkọ tí wọ́n kọ sí i ní 1962 títí láé, bí ẹni náà bá ti kú, bí ilé rẹ̀ bá ti tú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà láàyè á béèrè pé ta ló wà níbí lónìí, ta ni kò sì sí mọ́. Nítorí náà ni mo fi sọ pé ìgbà èwe kọ́ la lọ ń wá. A lọ kí wọ́n lè tún béèrè orúkọ wa ni. Ẹgbẹ́ jùjú kì í ṣe ti àwọn tó gbé ìlù nìkan. Ìdajì rẹ̀ ni àwọn tó ń lùlù, ìdajì kejì ni àwa tí à ń jó. Bí ìdajì kan bá jókòó sílé, ìdajì kejì yóò kàn máa ṣe ohun tó wà nínú àwo ni.

Àwọn kan á bi mí pé, ṣé Blue Spots náà ni, nígbà tí àwọn onílù ti yí padà, tí ohùn ti yí padà? Mo dá wọn lóhùn pé èmi tó lọ wò wọ́n ńkọ́, ṣé èmi ìgbà yẹn ni? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn náà ni ohùn tó wúwo, òun ni ọwọ́ tó mọ ibi tí yóò ti dákẹ́.

Ọdún 1992 yìí kan náà ni Obey pa orin àríyá tì, tó kọjú sí orin ìhìnrere. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ bo ti Dáìró mọ́lẹ̀ ń jáde lẹ́nu ọ̀nà bí Dáìró ṣe ń wọlé padà. Ìgbà tó yá, Obey náà tún ń kọ àwọn orin àtijọ́ níwájú èrò, àwọn tí a bí lẹ́yìn Blue Spots sì rí ìgbà èkejì tiwọn. Ní ti Dáìró, àsìkò tó kù kò pọ̀. Ó gbé Ashiko jáde ní 1994. Láàárín 1994 sí 1995, ó wà ní yunifásítì Washington ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin tí bàbá rẹ̀ fi ìlù kékeré bẹ̀rẹ̀ fún un. Ọmọ tí kò rí ìwé kà jìnnà di olùkọ́ ní yunifásítì. Ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1996, ó kú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti ìgbà tó tún kó ẹgbẹ́ jọ dé ìgbà ikú rẹ̀ kò pé ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ní òun yóò lọ wò wọ́n bí owó bá dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, bóyá owó ti dé nígbà tó yá, ṣùgbọ́n Dáìró ti lọ.

Kì í ṣe òun nìkan ló padà dé. Fatai Rolling Dollar, tí Obey fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kúrò lójú ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé ó tún gòkè ní àwọn ọdún 2000 sí, tó ń kọrin, tó ń jó, títí ó fi kú ní oṣù kẹfà ọdún 2013. Ní 2013 yẹn kan náà ni Victor Ọláìyá, àgbà ọ̀jẹ̀ haílàìfù, tún Baby Jowo kọ pẹ̀lú 2Face, ọ̀dọ́ tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Paul Play Dairo, ọmọ I.K. Dáìró, náà mú orin bàbá rẹ̀, ó tún un kọ ní ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà tirẹ̀ fi ń kọrin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Orin tí ọmọ bá tún kọ kò tíì kú. Àmọ́ kí ọmọ tó lè tún un kọ dáadáa, ó yẹ kó ti rí i níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kó má jẹ́ pé káàdì nìkan ló kà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí olórin ìgbà èwe yín ṣì wà láàyè, tí ẹ gbọ́ pé wọ́n ń ṣeré nítòsí, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìbéèrè dá yín dúró. Ẹ mú owó díẹ̀ dání, nítorí olórin kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dání pẹ̀lú. Bí ẹgbẹ́ bá kọrin dé ibi tí àwo ti ń parí, ẹ má gbé àga yín, ẹ má wá ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì wá béèrè orúkọ yín, ẹ sọ ọ́ sókè. Ẹ sọ ti àwọn tí kò lè wá mọ́ náà.